Ẹṣin Onígi àti Ìjì ní Pápá Gálílì

"Ẹ gbé e kúrò níbẹ̀," ni mo wí. "Ẹ gbé e lọ sẹ́yìn ilé ìdáná."

Aago méje àárọ̀ ni, ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé Àjíǹde, ọdún 1984, lórí pápá ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ wa ní Ìkẹ́nnẹ́. Ọjọ́ Gálílì ni, ọjọ́ tí gbogbo ìjọ máa ń jáde lọ ṣeré, tí wọn yóò jẹ, tí wọn yóò mu. Ohun tí mo ní kí wọ́n gbé ni ẹṣin onígi Bàbá Ògúntóyè. Kò sí ẹni tó dàgbà nínú ìjọ wa tí kò gùn ún rí. Ẹṣin mẹ́jọ ni bàbá náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́, ó sì so wọ́n mọ́ ìdí wíìlì ògbólógbòó lọ́rì Bẹ́dífọ́ọ̀dù kan. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń tì í, tí yóò máa yí po jẹ́jẹ́ lábẹ́ igi máńgòrò, lọ́dọọdún.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà náà. Èmi Modúpẹ́ ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ọ̀dọ́, èmi ni wọ́n sì ní kí n ṣètò pápá. Kí n má purọ́, orí mi wú. Ní ìsinmi ọdún tuntun, Ọdúnayọ̀ ọ̀rẹ́ mi mú mi lọ sọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀ ní Èkó, a sì lọ sí ọgbà ìṣeré kan tí ẹ̀rọ ti ń ju ènìyàn sókè sódò. Mo pariwo títí ohùn mi fi há. Bí mo ṣe padà délé ni mo mú rúlà àti pẹ́ńsù. Mo ya àwòrán ọkọ̀ onírin tó lè gba ènìyàn mẹ́jọ, tí a fi páìpù gbé kọ́ sórí òpó gíga, tí ọkùnrin mẹ́rin yóò máa fi okùn fà síwá sẹ́yìn. Bùọ̀dá Fàtáì, wẹ́dà tó ní ṣọ́ọ̀bù lójú ọ̀nà Ṣàgámù, ló bá wa jó irin rẹ̀ pọ̀. Odidi ọjọ́ mẹ́ta ló fi kó àpò yanrìn sínú rẹ̀ láti dán an wò, kó tó gbà kí ènìyàn jókòó síbẹ̀. A sọ ọ́ ní Ìjì.

Ọ̀gbẹ́ni Olúsànyà tó jẹ́ Bàbá Ìjọ ti kìlọ̀ fún wa. Ó ní bí kò bá sí ẹni tó gbádùn nǹkan náà títí di aago méjì, tàbí bí ẹnikẹ́ni bá fara pa, a ó tú u, ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ kò sì ní ṣètò Gálílì mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ abẹ́ máńgòrò fún Ìjì. Ibẹ̀ nìkan ni ibòji wà.

Bàbá Ògúntóyè dúró síbẹ̀ nígbà tí àwọn ọkùnrin ń tú nọ́ọ̀tì ẹṣin rẹ̀. Kò bá wa jà. Ó kàn bi mí pé, "Modúpẹ́, ta ni yóò máa ti ẹṣin fún àwọn ọmọ kéékèèké lẹ́yìn ilé ìdáná?"

"Bàbá, ẹ sinmi lónìí, ẹ jọ̀ọ́ sà," ni mo dá a lóhùn. Mo rò pé mo bọ̀wọ̀ fún un ni.

Aago mẹ́wàá lù, ìjọ dé. Èmi àti Ọdúnayọ̀ wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọ Ìjì. Wọ́n fa okùn, a lọ sókè débi pé mo rí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì lódìkejì ọ̀nà. Ẹ̀rín ni mo ń rín tí omi fi ń bọ́ lójú mi. Ó dùn, kò sí irọ́ níbẹ̀.

Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, mo wo ẹ̀yìn pé kí n rí àwọn tó tò sórí ìlà. Èrò pọ̀, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò tò. Àwọn ẹgbẹ́ mi dúró, wọ́n ń wo Ìjì bí ẹni tí ebi ń pa, kálukú wọn sì ní ọmọ lọ́wọ́. Èyí pọn àbúrò rẹ̀, èyí di tirẹ̀ lọ́wọ́ mú, òmíràn gbé méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Bẹ́ẹ̀ ni Gálílì tiwa ṣe rí: ìyá ń dáná, bàbá ń kí èrò, ọmọ tó ti wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ló ń tọ́jú àbúrò. Gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Èmi náà mọ̀ ọ́n, àmọ́ àbíkẹ́yìn ni mí, kò sí ẹni tó gbé ọmọ lé mi lọ́wọ́ rí, n kò sì ronú nípa rẹ̀.

Lọ́dọọdún, ẹṣin onígi ni wọ́n máa ń kó àwọn àbúrò náà sí kí ọwọ́ wọn lè dilẹ̀. Báyìí, ẹ̀yìn ilé ìdáná ló wà, nínú oòrùn àti èéfín, láìsí ẹni tó ń tì í.

Aago kan ọ̀sán kọjá. Ọdúnayọ̀ sọ sí mi létí pé, "Jẹ́ kí wọ́n gbé àwọn ọmọ yẹn gùn ún. Wọn yóò kàn dì wọ́n mú dáadáa ni."

Mo mọ̀ pé kò tọ́. Mo wo Bàbá Ìjọ níbi tó jókòó sí, ó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Mo bá pe Fáyọ̀kẹ́ ọmọ kíláàsì wa, tó mú Ọmọ́bọ̀wálé àbúrò rẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́rin lọ́wọ́. "Fáyọ̀kẹ́, máa bọ̀. Gbé e lé itan."

Ní fífà kẹta, ọmọ náà figbe ta. Ní ìkarùn-ún, ó ń jà kó lè dìde, ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ń yọ̀ lára rẹ̀. N kò mọ ìgbà tí mo so mọ́ okùn. Ó wọ́ mi lórí iyanrìn, ó bó mi láwọ ọwọ́, kí Ìjì tó dúró. Ọmọ́bọ̀wálé kò fara pa, àmọ́ ó ti tọ̀ sára. Ìyá rẹ̀ sáré dé, ó gbé ọmọ rẹ̀, ó sì wò mí.

"Modúpẹ́, ìwọ tí mo máa ń ní kí Fáyọ̀kẹ́ fìwà jọ."

Ì bá sàn kó gbá mi létí. Ojú tì mí, mo sunkún.

"Ẹ tú u," ni Bàbá Ìjọ wí.

Mo lọ sẹ́yìn ilé ìdáná. Bàbá Ògúntóyè jókòó ti àwọn ẹṣin rẹ̀, ó ń fi àkísà nu èéfín kúrò lára wọn. Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ forí jì mí sà. Mi ò ro ti àwọn ọmọdé rárá."

"Dìde. Ara ọmọ náà ńkọ́?"

"Ó le, sà."

Ó tẹ̀ lé mi dé ìdí Ìjì. Ó yí i ká, ó kan irin rẹ̀ wò, ó fọwọ́ pa ojú ibi tí wọ́n ti jó o. "Ìwọ lo ya àwòrán rẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Iṣẹ́ gidi ni. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe ẹṣin tèmi, mo fẹ́ kó sáré. Mo rọ gíríìsì sí i, ó ń fò. Kó tó di ọ̀sán, àwọn ìyá ti kó ọmọ wọn lọlé. Láti ọjọ́ náà ni mo ti dín gíríìsì rẹ̀ kù, kí ẹni tó ń tì í má baà lè sáré jù." Ó na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ igi máńgòrò. "Gbé ẹṣin síbí. Ẹni tó bá wà lókè nínú tìrẹ, kó máa rí àbúrò rẹ̀ nílẹ̀."

Òun fúnra rẹ̀ ló lọ bẹ Bàbá Ìjọ. Wọ́n gbà, pẹ̀lú àdéhùn méjì: ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjìlá kò gbọdọ̀ wọ Ìjì, èmi ni n ó sì máa ti ẹṣin títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Kí a tó di nọ́ọ̀tì tó kẹ́yìn, ẹṣin mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ti kún. Ìlà Ìjì wá gùn dé ẹnu ọ̀nà pápá. Mo fi aṣọ di ọwọ́, mo ń ti ẹṣin, mo ń gbọ́ ariwo àwọn ẹgbẹ́ mi lókè. N kò gun Ìjì mọ́ lọ́jọ́ náà, kò sì dùn mí.

Nígbà tó ku díẹ̀ kí aago mẹ́rin lù, ìyá Fáyọ̀kẹ́ mú Ọmọ́bọ̀wálé padà wá. Ọmọ náà ti pààrọ̀ aṣọ. Kò wo Ìjì. Ó dúró níwájú mi.

"Bí mo bá ní kó dúró, ṣé ó máa dúró?"

"Ó máa dúró."

Mo gbé e gùn ún. A kò tíì yí ìdajì tó fi ní, "Dúró." Mo dúró. Ó wò mí lójú. "Ó yá, máa tì í." Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo dúró. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sọ ọ́ mọ́. Ó jókòó, ó ń rẹ́rìn-ín, mo sì ń tì í lọ jẹ́jẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka ìtàn yìí, ohun tí mo kọ́ lọ́jọ́ náà kò ju méjì lọ. Èkíní ni pé kí ẹ má fi àṣìṣe kejì bo àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀, torí ọmọ ọlọ́mọ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jìyà tèmi. Èkejì ni pé ayọ̀ tó ń já ènìyàn láyà dára, èyí tó ń lọ jẹ́jẹ́ náà dára. Ẹ fi wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí ẹ sì kọ́kọ́ wá àyè fún ẹni tó kéré jù.