Bọ́ńbọ̀n Kẹta

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Kò tíì pẹ́, kò sì jìnnà: ní Sakété ni, lọ́sàn-án gangan, nígbà tí kò sẹ́ni tó ń retí ohun abàmì. Bí ẹ bá lọ bi àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn, wọ́n á ní irọ́ ni mo ń pa, ọkàn wọn á sì balẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ bá mi fi orúkọ kan sọ́kàn: Océane.

Ẹ̀bùnọlá ń kọ kóòdù fún ìkànnì kan tí àwọn ilé ìwòsàn kan lágbègbè Pobè fẹ́ máa fi pa orúkọ àwọn ọmọ tó ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára mọ́. Òun wà nílé rẹ̀ ní Sakété. Anicet tí wọ́n jọ ń ṣe é wà ní Pobè. Kí iṣẹ́ náà tó jáde, kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ dán an wò. Ìdánwò kọ̀ọ̀kan á bá àká orúkọ lófìfo, á kọ ohun tó fẹ́ sínú rẹ̀, á yẹ̀ ẹ́ wò, á sì pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ kó tó jáde. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ìdánwò kan kò gbọdọ̀ ta bá òmíràn. Kò gbọdọ̀ ta síta rárá.

Ìdánwò kan nílò ìyá kan àtàwọn ọmọ rẹ̀. Ríronú orúkọ tuntun ti sú Ẹ̀bùnọlá. Ló bá kọ orúkọ Morẹ́nikẹ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń bá ọkọ dáko ní Aguidi, ó sì kọ tàwọn ọmọ rẹ̀ tẹ̀ lé e: Gaël, Martial, àti Océane àbíkẹ́yìn. Ó ní kí kọ̀ǹpútà kà wọ́n. Mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ rí.

Ìyá Ẹ̀bùnọlá àti Morẹ́nikẹ́, tó ti kú, ì bá gbá a létí. Bí ẹnikẹ́ni bá bi obìnrin yẹn pé ọmọ mélòó ló bí, èsì rẹ̀ kì í ju "Wọ́n wà" lọ. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ẹ̀bùnọlá mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ó kàn rò pé ẹ̀rọ ló ń kà á, kì í ṣe òun.

Ìdánwò náà ń yege. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó pọ́n lójú kọ̀ǹpútà, àmì pé ó ti kùnà. *Mo retí mẹ́ta. Mo rí méjì.*

Ó ní kí kọ̀ǹpútà dá ìdánwò náà nìkan ṣe: mẹ́ta. Ó ṣe é pẹ̀lú àwọn ìdánwò yòókù: méjì. Èyí kò bà á lẹ́rù. Ìdánwò kan ló ń da ilé òmíràn rú, ó wọ́pọ̀ nínú iṣẹ́ wọn. Ó fún ìdánwò kọ̀ọ̀kan ní àká tirẹ̀, ó tilẹ̀kùn mọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó tún un ṣe.

Méjì.

Ó dá a ṣe. Méjì.

Ẹ̀rọ ìlọta òdìkejì títì, tó ti ń lọ àgbàdo láti àárọ̀, dákẹ́. Ẹ̀bùnọlá ní kí kọ̀ǹpútà kó orúkọ tó rí jáde. Gaël. Martial. Lábẹ́ wọn, òfìfo. Bẹ́ẹ̀ Océane wà nínú kóòdù gedegbe, bó ṣe tẹ̀ ẹ́.

Ó pe Aguidi. Océane ló máa ń já fóònù gbà nígbà gbogbo, á máa mí sínú rẹ̀ láìsọ̀rọ̀ títí ìyá rẹ̀ á fi gbà á. Lọ́jọ́ yẹn, ìyá ló gbé e.

"Ẹ káàsán o, Dàdá." Bí Ẹ̀bùnọlá ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìyẹn. "Àwọn ọmọ ńkọ́?"

"Wọ́n wà. Gaël bá bàbá rẹ̀ lọ sóko. Martial ló ń sùn yìí."

"Océane ńkọ́?"

Adìẹ kan ń ké lẹ́yìn Morẹ́nikẹ́.

"Ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Ọmọ yín, Dàdá."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀bùn, oòrùn ti pa ọ́. Lọ jẹun."

Ẹ̀rù ba Ẹ̀bùnọlá gidi. Ó wá fọ́tò Nowẹ́lì, ìyẹn ọdún Kérésì, jáde: Morẹ́nikẹ́ àtàwọn ọmọkùnrin méjì, apá rẹ̀ kan nà síta, ó fi gbá afẹ́fẹ́ mọ́ra. Ṣùgbọ́n òun ṣì rántí ọmọ náà. Ó rántí eyín iwájú tó ti yọ. Ó rántí bó ṣe ń lá bọ́ńbọ̀n díẹ̀, tí á tún un dì sínú ọ̀rá rẹ̀ nítorí ọ̀la, tí gbogbo wọn á máa fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Fóònù dún. Anicet ni.

"Ẹ̀bùn, ìdánwò kan ṣì pọ́n. Àwọn ilé ìwòsàn ń dúró dè wá."

"Fi í sílẹ̀."

"Méjì ló ń rí. Jẹ́ kí n yí mẹ́ta yẹn sí méjì, ó parí."

"Má fọwọ́ kàn án! Ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti ń retí rẹ̀."

"Wọ́n ń retí ta?"

"Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Mo bẹ̀ ọ́, Anicet. Jẹ́ kí n dé Aguidi ná."

Anicet mí kanlẹ̀. "Ó dáa."

Ẹ̀bùnọlá ra bọ́ńbọ̀n mẹ́ta lẹ́bàá títì, ó gun zémì. Ó ń pe orúkọ náà lábẹ́ ahọ́n bí wọ́n ṣe ń lọ. Ọlọ́kadà bi í bóyá ó ń gbàdúrà ni. Kò dá a lóhùn, kí orúkọ má baà bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Wọ́n ti ń wọ Aguidi nígbà tí fóònù rẹ̀ gbọ̀n. Anicet kọ̀wé: *Mi ò lè dúró mọ́. Mo ti yí i sí méjì. Gbogbo rẹ̀ ti yege.*

Ẹ̀bùnọlá kà á. Inú rẹ̀ dùn pé iṣẹ́ ti parí.

Morẹ́nikẹ́ jáde wá pàdé rẹ̀, ẹnu yà á pé ó wá láìsọ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀bùnọlá náà kò mọ ohun tó gbé òun wá. Ó fún Gaël ní bọ́ńbọ̀n kan. Ó fún Martial ní kan. Ọ̀kan kù lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ta lo ra ìyẹn fún?"

Ẹ̀bùnọlá wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wò ó, omi sì dé sí ojú àwọn méjèèjì láìsí ìdí. Morẹ́nikẹ́ gba bọ́ńbọ̀n náà. Kò jẹ ẹ́. Ó gbé e sórí àpótí ìdáná, nísàlẹ̀, níbi tí ọwọ́ ọmọdé lè tó.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ṣì wà níbẹ̀. Ó ti kéré sí i. Wọ́n ti lá a díẹ̀, wọ́n sì ti tún un dì sínú ọ̀rá rẹ̀.