Ẹni Tó Bá Mi Gún Ògiri Yàrá Keje

Mo ti purọ́ rí. Mo ti purọ́ kí n lè rí oúnjẹ jẹ, mo ti purọ́ kí n lè rí ibi sùn, mo sì ti purọ́ fún ọlọ́pàá mẹ́ta lójú ọ̀nà kan náà lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, n kò rí nǹkan kan gbà lórí rẹ̀. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ ni mo ṣe ń sọ ọ́. Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́, kó lọ gbé etí lé ògiri náà. Ògiri ṣì wà níbẹ̀.

Ilé ìwé girama kan ni, láàárín ìgboro. Títì wà níwájú rẹ̀, títì wà lẹ́yìn rẹ̀. Abẹ́ páànù làwọn ọmọ ti ń kàwé, ooru sì ń yan wọ́n bí àgbàdo. Ni pìrìnsípà wọn, obìnrin kan tí kì í pariwo tí gbogbo èèyàn sì ń bẹ̀rù, bá ní àwọn máa kọ́ ilé tí kò ní wá fáànù. Ilé tí á máa tọ́jú omi òjò, tí á máa gba iná lọ́wọ́ oòrùn. Erùpẹ̀ tí a bá gbẹ́ nídìí rẹ̀ náà la ó fi mọ ògiri rẹ̀.

Mo ti ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí, nígbà tí eegun mi ṣì le. Wọ́n gbà mí.

Báyìí la ṣe ń ṣe é. A ó to pákó sọ́tùn-ún, a ó to ti òsì kọjú sí i. A ó da erùpẹ̀ tútù díẹ̀ sáàárín wọn, ìpele kan, kó ga tó àtẹ́lẹwọ́. A ó wá gún un. Ohun tí a fi ń gún un, ọmọ odó la ń pè é, nítorí ó jọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irin ló wà nídìí rẹ̀. Tí erùpẹ̀ kò bá tíì ki, á máa dún pọ̀, pọ̀, bí ẹni ń gbá ìrọ̀rí. Tó bá ki tán, ohùn rẹ̀ á yí padà. Á dún kọ̀ọ́, bí òkúta. Ìgbà yẹn la tó lè da ìpele mìíràn lé e. Etí la fi ń ṣiṣẹ́ náà. Ojú kì í rí inú ògiri.

Ọ̀nà tí oníkálùkù ń gbà gún un yàtọ̀. Ọkùnrin fìrìgbọ̀n kan wà tí a ń pè ní Tírélà. Tirẹ̀ kì í sinmi: gbì-gbì-gbì-gbì. Orúnkún òsì mi kò dáa, nítorí náà tèmi máa ń dún gbì, gbì, á wá dákẹ́ kí n lè yí ẹsẹ̀.

"Bàbá Ẹsẹ̀-Ò-Gbélé," Tírélà á ní, "ṣé ògiri lẹ̀ ń gún ni, àbí ẹ̀ ń kan ilẹ̀kùn àna?"

"Panu mọ́. Nígbà tí mo ti ń gún ògiri, bàbá ẹ ò tíì mọ ilé ìyá ẹ."

Lọ́jọ́ kan, pìrìnsípà dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Bàbá, ẹ ti tó ọmọ ọdún mélòó?"

"Mọ́kàndínláàádọ́rin."

"Níbo lẹ máa lọ tí a bá kọ́ ilé yìí tán?"

Mo wo ilẹ̀. Kò sẹ́ni tó ti bi mí bẹ́ẹ̀ fún ogún ọdún.

"Yàrá kan máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì," ó ní. "Ilé tuntun ń fẹ́ olùtọ́jú. Tí ẹnjiníà bá ti yẹ gbogbo ògiri wò, tí wọ́n dúró dáadáa, ẹ̀yin lẹ máa gbé ibẹ̀."

Ó lọ. Èmi dúró síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n da omi tútù sí lára. Yàrá. Ibi tí n kò ní kó ẹrù mi kúrò níbẹ̀ láàárọ̀.

Bóyá ìkánjú yàrá yẹn ló fà á. Ọ̀sán kan, èmi nìkan ló wà ní yàrá keje. Àwọn yòókù ti lọ jẹun. Ògiri ti ga dé àyà mi. Ìpele tí mo ń gún ṣì ń dún pọ̀, pọ̀. Orúnkún mi ń ta mí bí iná. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Mo da erùpẹ̀ mìíràn lé e. Èyí tó wà lókè yẹn ni mo gún títí ó fi dún kọ̀ọ́. Mo bo èyí tó wà nísàlẹ̀ mọ́lẹ̀, mo sì lọ jẹun.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀sán náà ni. Oòrùn dúró gangan. Ọkọ̀ kankan kò kọjá lójú títì, bí ẹni pé gbogbo ìgboro ti sùn lọ. A jókòó sábẹ́ ibòji, à ń jẹun.

Gbì. Gbì.

Ó dákẹ́.

Gbì. Gbì.

Láti yàrá keje ni.

Tírélà dá ẹnu dúró. "Bàbá, ta ló mú ọmọ odó yín?"

"Ó wà lórí itan mi."

Ó wo itan mi. Ó wo ọ̀kánkán yàrá keje. A dìde, àwa méjèèjì.

Kò sẹ́ni níbẹ̀. Eruku rọra ń léfòó nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn. Ó ń lọ sókè, kò wá sílẹ̀. Ìró náà ń ti inú ògiri jáde, ní ọ̀gangan àyà. Ó ń rìn láti ọ̀tún lọ sí òsì. Díẹ̀díẹ̀. Ó sì ń tiro.

"Bàbá," Tírélà sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ẹsẹ̀ yín nìyẹn."

"Ẹsẹ̀ mi rèé."

"Mo rí i. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn."

Fún ọjọ́ mẹ́ta, pọ̀, pọ̀ ló ń dún. Lọ́jọ́ kẹrin, ó dún kọ̀ọ́. Tírélà kò wá síṣẹ́ mọ́. Ó ní kí wọ́n bá òun kó bàtà òun wá.

Mi ò lè jẹun mọ́. Tí mo bá dijú, orí àwọn ọmọ ni mo ń rí, tí wọ́n fi ti ògiri, ògiri sì ń ṣí bí ẹnu. Mo tọ ẹnjiníà lọ. Ọmọdébìnrin ni, mo lè bí i.

"Ẹnjiníà, ẹ wó ògiri yàrá keje."

"Kí ló ṣe é, Bàbá?"

"Ìpele kan wà níbẹ̀ tí mi ò gún tán. Mo bò ó mọ́lẹ̀ ni."

"Ẹ mọ̀ pé tí mo bá wó o, yàrá ẹ̀gbẹ́ géètì ti bọ́ lọ́wọ́ yín nìyẹn?"

"Mo mọ̀."

Ó gbé irin tí wọ́n fi ń lu ògiri wá. Ó lu òkè, irin wọlé díẹ̀ bó ṣe yẹ. Ó lu ìsàlẹ̀, irin wọlé. Ó lu ọ̀gangan àyà. Irin han gooro, ẹnu rẹ̀ ṣẹ́. Erùpẹ̀ bíńtín ló jáde. Ó fi lé mi lọ́wọ́. Ó gbóná bíi búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú iná bọ́.

"Ibí yìí ló le jù nínú gbogbo ilé yìí," ó ní. "Ta ló gún un?"

Mo pa ọwọ́ dé mọ́ erùpẹ̀ gbígbóná náà.

"Àwàdà yín ti pọ̀ jù, Bàbá." Ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín.

Bí mo ṣe rí yàrá ẹ̀gbẹ́ géètì gbà nìyẹn. Ibùsùn kan, àga kan, fèrèsé kan tó kọjú sí àgbàlá. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo jókòó sórí ibùsùn, mi ò dùbúlẹ̀, kí n má baà jí lójú àlá.

Àwọn ọmọ wọlé. Inú yàrá keje tutù bí ìdí àmù. Lákòókò ìsinmi ọ̀sán, àwọn ọmọ yàrá yẹn kì í jáde lọ ṣeré. Wọ́n á jókòó sílẹ̀, wọ́n á fi orí ti ògiri, oorun á gbé wọn lọ. Ọmọbìnrin kan tó máa ń kí mi dáadáa sọ fún mi pé, "Bàbá, ògiri wa máa ń dún bí àyà màmá mi."

Mo ní, "Ẹ ṣáà máa kàwé yín."

Ọjọ́bọ̀ kan, ọ̀sán pọ́n, mi ò gbọ́ ìró tó máa ń ti inú ògiri yàrá keje wá. Mo jókòó sẹ́nu géètì, mo ń retí i. Kò dún. Mo lọ wò ó.

Ọgbọ̀n ọmọ ló sùn, wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri. Mo gbé etí lé e. Ó dákẹ́ bí omi inú kànga. Nígbà náà ni erùpẹ̀ kan já, ẹyọ kan, ó bọ́ sórí irun ọmọbìnrin yẹn. Òmíràn já.

Mo di ẹ̀ṣẹ́, mo fi gún ògiri. Gbì, gbì. Mo yí ẹsẹ̀. Gbì, gbì. Erùpẹ̀ dúró. Mi ò ṣíwọ́ títí agogo fi lù. Kò sí ọmọ kan tó jí.

Nígbà tí mo padà, ilẹ̀kùn yàrá mi tí mo ṣí sílẹ̀ ti wà ní pípadé. Mo ṣí i. Kò sẹ́ni nínú ilé. Ṣùgbọ́n ibùsùn mi gbóná. Ẹnìkan ti dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ó fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún lélẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí orúnkún òsì ń dùn.

Mi ò pariwo. Ẹni tó bá báni ṣiṣẹ́, ó yẹ kó sinmi.

Ọjọ́bọ̀ nìkan ni lákọ̀ọ́kọ́. Ó di ojoojúmọ́. Nísinsìnyí, láàárọ̀ ni mo ti ń lọ síbẹ̀. Àwọn tíṣà kò bi mí léèrè mọ́. Wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ lọ, èmi náà ń gún ògiri mi lọ lẹ́yìn.

Lánàá, ó rẹ̀ mí. Mo ní kí n lọ dùbúlẹ̀ díẹ̀. Mo bá ilẹ̀kùn ní títì láti inú. Mo kàn án. Mo gbọ́ tí ibùsùn dún, bí ìgbà tí ènìyàn bá yí ara padà.

"Ẹ jọ̀ọ́," ẹni náà fi ohùn oorun sọ ọ́, "ẹ jẹ́ kí n sinmi díẹ̀ sí i."

Mo dúró síbẹ̀, mo gbé ọwọ́ lé ilẹ̀kùn. Agogo ìsinmi ọ̀sán lù. Mo gbọ́ tí àwọn ọmọ yàrá keje ń fa àga, tí wọ́n ń jókòó sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mo padà sídìí ògiri.