Ìdáhùn Méjìlá Tó Pòórá Nínú Fáìlì

"Ta ló pa á rẹ́?"

Bàbá télọ̀ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló kígbe nídìí tábìlì tí wọ́n fi ń gé aṣọ, níbi tí òun àti ọmọ kíláàsì rẹ̀ méjì ti yí kọ̀ǹpútà kan ká. Iṣẹ́ àṣepọ̀ wọn gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ olùkọ́ ní aago mẹ́rin.

"Èmi ni," ni èyí tí wọ́n ń pè ní Kíákíá wí. "Abala yẹn ti gùn jù. Mo rò pé ẹ ní ẹ̀dà mìíràn."

"Ẹ̀dà wo? Ìwọ lo fi fáìlì 'Ìkẹyìn Pátápátá' ránṣẹ́, tí o ní ká fi rọ́pò ti tẹ́lẹ̀!"

"Lẹ́yìn 'Ìkẹyìn Gan-an'," ni ẹnì kẹta wọn, Gíláàsì, fi kún un.

Bàbá mọ ohun tó sọnù. Ìyá ọmọ rẹ̀, tó jẹ́ agbẹ̀bí, ló dáhùn ìbéèrè méjìlá fún wọn lórí ìtọ́jú ọmọ tuntun. Kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà tó fi ṣaláìsí.

Kíákíá kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́."

"Dìde. Ẹ pe àǹtí yín."

Àbúrò olóògbé náà ń kọ́ni ní kọ̀ǹpútà. Kò pẹ́ tó dé. "Git tí mo fi síbí ńkọ́, tó ń tọ́jú gbogbo àyípadà tí ẹ bá ṣe?"

"A lò ó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Àǹtí. Kíákíá ní ó ń fa ọwọ́ iṣẹ́ sẹ́yìn," ni Gíláàsì dáhùn.

"Ìwọ náà kúkú yára!" ni àǹtí sọ fún Kíákíá.

Ó tẹ bọ́tìnnì díẹ̀. Àkọsílẹ̀ jáde: ọjọ́, orúkọ, ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe. Ọ̀kan sọ pé: "Mo fi ìdáhùn Màámi sí i." Ó ṣí i. Méjèèjìlá pé. Èkíní ni: "Ẹ fọ ọwọ́ yín ná. Ọmọ náà ò ní sá lọ."

Bàbá kà á lẹ́ẹ̀mejì. "Òun ló ń sọ̀rọ̀ yẹn," ló wí.

"Àlàyé tí mo kọ sábẹ́ wọn ńkọ́?" ni ọmọ rẹ̀ béèrè.

"Ẹ ti pa Git tì nígbà yẹn. Ìyẹn ti lọ. Jókòó, kí o tún un kọ."

Bàbá na ọwọ́ sí àwọn bébà àwòṣe tó fi kọ́ sára ògiri. "N kì í fi síásì kan àwọn wọ̀nyẹn. Bí mo bá fẹ́ yí ọrùn aṣọ padà, màá kọ́kọ́ dà á kọ sórí bébà mìíràn, màá kọ ọjọ́ sí i."

"Ohun tí Git ń ṣe gan-an nìyẹn, Ẹ̀gbọ́n."

Nígbà tó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago mẹ́rin lù, iṣẹ́ parí. Kíákíá fúnra rẹ̀ ló tẹ àlàyé tó gbẹ̀yìn sínú Git, ó rọra ń tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan: "A dá ìdáhùn Màmá padà. Èmi ni mo pa á rẹ́."

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má fi iṣẹ́ àṣepọ̀ sínú fáìlì kan ṣoṣo tí ẹ ń jù síra yín. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni kí ẹ ti fi í sínú Git. Kí oníkálukú ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀ka tirẹ̀, ìyẹn ẹ̀dà iṣẹ́ tó yà sọ́tọ̀ fún un, kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó pa á pọ̀. Lójoojúmọ́ tí ẹ bá ṣiṣẹ́, ẹ fi í pamọ́ pẹ̀lú àlàyé tó yéni, kí ẹ sì fi ẹ̀dà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, torí kọ̀ǹpútà náà lè bàjẹ́. Ohun tí ẹ bá fi síbẹ̀ nìkan ló lè padà. Ẹni tó bá yín sọ̀rọ̀ lónìí lè má sí nílé mọ́ nígbà tí ẹ bá padà wá bi í.