Ọkọ̀ Tí Kò Gbẹ

Ìjà ni wọ́n fi pàdé. Atukọ̀ kan ti ìsàlẹ̀ odò dé, ó fẹ́ ti ọkọ̀ rẹ̀ sínú adágún, ni obìnrin kan tó wọ bàtà rọ́bà, tó ń ṣèwádìí ẹja adágún náà, bá dúró níwájú rẹ̀. Ó ní àwọn ẹ̀dá omi kéékèèké kan, oníkarawun àjèjì, ti kún odò, wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìdí ọkọ̀, wọ́n sì ń kó aràn ran ẹja. Adágún yìí nìkan ni wọn ò tíì dé. Kó fi omi gbígbóná fọ ọkọ̀ rẹ̀, kó sá a sóòrùn fún ọ̀sẹ̀ kan. Atukọ̀ ní kí ló dé tí òun ó máa sá ọkọ̀ bí aṣọ?

Ó ṣáà fọ̀ ọ́, ó ń kùn. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ló fi jókòó ti obìnrin náà níbi tó ti ń la ikùn ẹja, tó ń fi awò wá aràn nínú rẹ̀. Kí ọkọ̀ tó gbẹ, ìfẹ́ ti wọ̀ wọ́n lára.

Ìyá obìnrin náà fárígá. Ó ní ọmọ òun kàwé títí, ìwé ọ̀hún sọ ọ́ di ẹni tó ń rùn bí ẹja, àfi kó tún wá fi atukọ̀ kún un. Àwọn méjèèjì ń bá iṣẹ́ wọn lọ. Iṣẹ́ ò jẹ́ kí wọ́n lágbára àtijiyàn.

Nígbà tó yá, ibà dá obìnrin náà gúnlẹ̀ ní òdìkejì adágún. Bí atukọ̀ ṣe gbọ́ nísàlẹ̀ odò, ó ra oògùn, ó fi ọkọ̀ akẹ́rù gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá. Kò fọ̀ ọ́, kò sá a, ó wà á sọdá adágún lọ bá a. Oògùn yẹn ló gba ẹ̀mí obìnrin náà là.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, obìnrin náà fa okùn kan jáde nínú adágún, ó rí oníkarawun kan lára rẹ̀, kò ju èékánná lọ. Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Ó jókòó sínú ẹrẹ̀.

"Èmi ni mo gbé e wá," ni atukọ̀ wí lẹ́yìn rẹ̀. "Lọ́jọ́ ibà rẹ. Mi ò lè dúró de oòrùn, olólùfẹ́ mi."

Ìyá gbọ́, ó ní òun ti wí. Obìnrin náà bínú títí ìbínú fi rẹ̀ ẹ́. Ká ní ọkùnrin yìí dúró de oòrùn ni, ta ni ìbá máa bínú?

Ó wọ inú omi lọ ha àwọn oníkarawun kúrò lára òpó èbúté. Atukọ̀ tẹ̀ lé e. Wọ́n ha á títí ọwọ́ wọn fi bó.

"A ò lè ha wọ́n tán láyé," ni obìnrin náà wí.

"Màá máa wá lójoojúmọ́."

"Ọkọ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀ ló ń gbé wọn kiri." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nujú. "Ó ti rẹ̀ mí, olówó orí mi. Má padà sísàlẹ̀ odò mọ́."

Atukọ̀ wọ́ ọkọ̀ rẹ̀ gòkè, ó dojú rẹ̀ délẹ̀ sínú oòrùn, ó sì padà wá ha òpó tó kù.