Gáùn Tó Balẹ̀

Ọkùnrin kan já wọ yàrá ìtọ́jú eegun, ó gbé ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lápá, téèpù ìwọ̀n ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, òógùn bò ó bí ẹni tí wọ́n lé débẹ̀. Nọ́ọ̀sì ò mọ ìgbà tóun rẹ́rìn-ín.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ gbà mí! Orúnkún ọmọ yìí ń gbá ara wọn. Ṣé kò ní yarọ báyìí?"

Nọ́ọ̀sì mú ọmọbìnrin náà dúró, ó wọn àlàfo tó wà láàárín ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. "Ọmọ ọdún mẹ́rin ni, àbí? Bí ti ọ̀pọ̀ wọn ṣe máa ń rí nìyẹn. Ó máa tọ́ kó tó pé ọdún méje. Tó bá jẹ́ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló wọ́, tàbí tó bá ń dùn ún, ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ sáré wá."

Ó dìde lọ mú káàdì. Ó mọ̀ pé ọkùnrin náà ń wo òun. Ẹsẹ̀ tirẹ̀ wọ́ síta láti orúnkún, ajá ńlá lè gba àárín wọn kọjá.

"Télọ̀, ẹ yé wo ẹsẹ̀ mi."

"Ta ló ń wo ẹsẹ̀? Yúnífọ́ọ̀mù yín ni mò ń wò. Ẹni tó rán an ò ṣe yín dáadáa."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn o. Nígbà tó máa fi di oṣù kẹjọ, wọn ò lè jẹun láìgbóhùn ara wọn. Àfi bí ìyá télọ̀ ṣe fárígá: "Ẹlẹ́sẹ̀ wíwọ́ kọ́ ló máa bímọ fún mi! Mú un wá kí n fojú ara mi rí i."

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ lọ rí ìyá, télọ̀ gbé gáùn tuntun lé nọ́ọ̀sì lọ́wọ́. Ó rẹwà, ó sì balẹ̀ dé àtàǹpàkò. Àyà nọ́ọ̀sì já. Gáùn tó mọ lórúnkún ló máa ń wọ̀ látọjọ́ tó ti dàgbà.

"Ṣé o fẹ́ fẹ́ mi ni, àbí o fẹ́ fi mí pamọ́?"

"Olólùfẹ́ mi, torí Màmá ni…"

Ó wọ̀ ọ́. Ó ṣíwájú rẹ̀ títí wọ́n fi dé ọ̀dọ̀ ìyá.

Ìyá ò tiẹ̀ wojú rẹ̀. "Ọmọbìnrin yìí, gbé aṣọ yẹn sókè."

Ó gbé e sókè. "Ẹ wò ó dáadáa, Mà. Ọmọ mẹ́fà ni wá, ẹsẹ̀ èmi àkọ́bí nìkan ló wọ́. Màmá mi máa ń tì mí mọ́lé lọ síbi iṣẹ́. Mi ò rí oòrùn, mi ò rí wàrà mu, ni eegun mi bá rọ̀. Èmi ni mo gbé àwọn yòókù jáde sóòrùn. Ọmọ tèmi náà máa ṣeré níta."

Ìtìjú bo télọ̀. Ó fa àlùmọ́gàjí yọ lápò, ó kúnlẹ̀, ó sì gé gáùn náà yí ká lórúnkún.

"Yéè! Irú aṣọ yìí!" Ìyá fọwọ́ lérí.

"Ẹ̀bi mi ni, Màmá. Ìtìjú ni mo rán fún un." Ó gbójú sókè sí nọ́ọ̀sì. "Dárí jì mí. Jọ̀ọ́, fẹ́ mi."

Nọ́ọ̀sì mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, omi ń dà lójú rẹ̀. Ìyá wo àwọn méjèèjì títí, ó wá pòṣé.

"O kúnlẹ̀ síbẹ̀, ò ń wojú ẹ̀. Dìde, kó o ká etí aṣọ yẹn fún ìyàwó mi kó tó tú."