Ẹni Tó Lọ Ra Òwú Dúdú

Lọ́jọ́ tí àǹtí Bírò jáde lọ ra òwú dúdú tí kò padà sílé mọ́, gbogbo àdúgbò ló ń wá a kiri. Bírò nìkan ni kò wá ẹnikẹ́ni. Ó jókòó, ó ń mu tíì. Òun ló ṣáà kọ ọ́.

Ẹ jẹ́ n rọra sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ o, ẹ̀yin tí ẹ kì í jẹ́ kí eré aago méje ré yín kọjá.

Bírò ni wọ́n ń pe ọmọbìnrin yìí láti kékeré, torí kò sígbà tí bírò kì í há sí i létí. Àǹtí rẹ̀ tó ń ránṣọ ló tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn tí ìyá wọn kú. Ohun kan ṣoṣo ló ń fẹ́ láyé: kó wà lára àwọn tó ń kọ eré tẹlifíṣàn kan tó ti wà fún ọdún mọ́kàndínlógún, ojoojúmọ́ àfi ọjọ́ Àìkú. Ọdún mẹ́fà ló fi ń kó ìwé lọ síbẹ̀. Ọ̀gá, obìnrin tó ń darí àwọn òǹkọ̀wé náà, á ka ojú ewé méjì, á dá a padà.

"Ìtàn ẹ dáa," ó wí lọ́jọ́ kan. "Àwọn èèyàn inú ẹ̀ ni wọn ò lẹ́mìí. Òkú ń bá òkú sọ̀rọ̀." Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Lọ rí Baba Aṣọ lẹ́yìnkùlé. Gbogbo àwa tá a wà níbí, ọ̀dọ̀ ẹ̀ la gbà wọlé."

Baba Aṣọ ló ń tọ́jú aṣọ àwọn òṣèré. Yàrá rẹ̀ kò ní fèrèsé. Aṣọ fi ara kọ́ lọ rẹrẹẹrẹ: aṣọ ìyàwó, aṣọ dókítà, aṣọ gbogbo ẹni tó ti jáde nínú eré. Òórùn kan ń jáde lábẹ́ wọn bí ẹran tó ti lo ọjọ́ mẹ́ta. Agbárí kan wà lórí tábìlì tí wọ́n fi ń lọ aṣọ, wọ́n ti fi abẹ́rẹ́ gún un yí po.

"O pẹ́ kó o tó wá," baba náà wí. Kò gbójú sókè. "Mú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó o mọ̀ dénú eegun wá. Kọ ọ́ sínú eré. Èmi á fún un lẹ́mìí, wọ́n á fẹ́ràn ẹ̀, owó á máa wá ẹ kiri. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tó bá jáde nínú eré, tèmi ni."

"Tí ò bá jáde ńkọ́, bàbá?"

Ó rẹ́rìn-ín. Eyín rẹ̀ kéré bí eyín ọmọ ọwọ́. "Kó má jáde nù un."

Bírò rò ó: ẹni táwọn òǹwòran bá fẹ́ràn, ta ló máa lé e kúrò? Ọjọ́ kejì, ó jókòó ti máṣíìnì àǹtí rẹ̀ láti àárọ̀, ìwé funfun lọ́wọ́, ó ń retí. Abẹ́rẹ́ kì í pẹ́ gún aránṣọ. Nígbà tó gún un, Bírò fi ìwé nu ìka náà.

"O ṣeun, ọmọ ìyá mi," àǹtí wí.

Nígbà tí Bírò gbé ìwé náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, Baba Aṣọ sín gbẹ́rẹ́ mẹ́ta sí i láyà, ó fi ẹbu dúdú kan ra á. "Kí ọwọ́ ẹ má bàa gbọ̀n." Ó tẹ ìwé ẹlẹ́jẹ̀ náà mọ́ agbárí, ó wá ń pè é jẹ́jẹ́:

"Òjìji kì í kọ ẹni tó ni ín.
Ohùn kì í dá dúró sẹ́yìn ẹnu.
Bí mo bá pè ọ́, o ó jẹ́.
Bí mo bá rán ọ, o ó lọ."

Àyà Bírò tutù nini. Láti ọjọ́ náà, bí tíì gbígbóná bó o láhọ́n, kì í mọ̀ ọ́n lára.

Wọ́n gbà á síṣẹ́. Ó kọ Ìyá Aránṣọ sínú eré: ìrìn àǹtí rẹ̀, ẹ̀rín rẹ̀, àti orin tó máa ń kọ nídìí máṣíìnì:

"Abẹ́rẹ́ ń lọ, òwú ń tẹ̀ lé e,
Tẹ̀ lé e, tẹ̀ lé e.
Ẹni tó fẹ́ràn mi, kó má já mi o,
Má já mi, má já mi."

Tọmọdé tàgbà gba orin yìí mọ́ àwọn òṣèré lẹ́nu. Ilé dé, mọ́tò dé. Àǹtí fúnra rẹ̀ ń wò ó, ó ń pàtẹ́wọ́. "Bírò, obìnrin yìí jọ mí o. Èló lo fẹ́ san fún mi?" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Bírò náà rẹ́rìn-ín, torí wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Lọ́dún kejì, òṣèré tó ń ṣe Ìyá Aránṣọ ríṣẹ́ síbòmíì. Ọ̀gá ní kí Bírò yọ ọ́ kúrò lọ́jọ́ Jímọ̀.

"Kí n pa á?"

"Má pa á. Ta ní ń pa ẹni tó ṣeé rán níṣẹ́? Jẹ́ kó lọ ra nǹkan. Lọ́jọ́ iwájú, a lè pè é padà."

Bírò kọ ọ́: òwú dúdú tán, Ìyá Aránṣọ ní òun ń bọ̀, ó jáde. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n.

Bí àǹtí náà ṣe jáde lọ ra òwú lọ́jọ́ Jímọ̀ nìyẹn, tí kò padà. Ọkọ àǹtí, mẹkáníìkì tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, jókòó sẹ́nu ọ̀nà fún ọjọ́ mọ́kànlá. "Òwú dúdú mẹ́rin ló wà nínú àpótí níbí," ó ń wí fún gbogbo ẹni tó bá kọjá. "Mẹ́rin." Bírò mọ̀ pé ó yẹ kóun sunkún. Ó wá ẹkún náà nínú ara rẹ̀ bí ẹni ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú báàgì. Kò rí i.

Àwọn òǹwòran fárígá: Ìyá Aránṣọ ni wọ́n ń fẹ́.

"Kọ ìpadàbọ̀ ẹ̀," Ọ̀gá wí lórí fóònù. "A ti rí òṣèré míì. Wọ́n á ráhùn fún ọ̀sẹ̀ kan, ojú wọn á mọ́ ọn."

Gbólóhùn àkọ́kọ́ nìkan ni Bírò gbọ́. Bóun bá kọ ọ́ wálé, àǹtí á wálé. Ọ̀sán kan ló fi kọ ọ́: wọ́n kan ilẹ̀kùn, Ìyá Aránṣọ wọlé, òwú wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e jáde, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn ilé àǹtí. Obìnrin gíga kan wọlé. Ẹnu rẹ̀ fẹ̀, imú rẹ̀ tín-ín-rín, kò jọ àǹtí níbì kankan. Ohùn àǹtí ló gba ẹnu rẹ̀ jáde.

"Ẹ má bínú, ọ̀nà jìn díẹ̀. Bírò, ṣé o ti jẹun?"

Mẹkáníìkì wò ó. Ó wò ó títí. Lẹ́yìn náà ara rẹ̀ rọ̀. "Ìyàwó mi, káàbọ̀," ó ní, ó gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí obìnrin náà dì mọ́ Bírò, Bírò rí abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀. Wọ́n ti rán an láti etí kan dé èkejì, ìránṣọ tó mọ́ tónítóní. Òwú dúdú.

Ilẹ̀ mọ́, Bírò lọ bá Baba Aṣọ. "Mo ti kọ ọ́ padà, bàbá."

"Ṣé mo dá a dúró ni? Ó wà nílé. Èyí tẹ́ ẹ fi ti òṣèré míì pààrọ̀ ló kù lọ́dọ̀ mi." Baba náà fi ọ̀pá sún aṣọ dókítà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ojú àǹtí fi ara kọ́ síbẹ̀ lórí igi ìfaṣọkọ́, láìsí orí lẹ́yìn rẹ̀. Ó ṣẹ́jú.

Ètè rẹ̀ ń mì. Ohùn ti wà nílé, kò sí ohun tí Bírò gbọ́. Ṣùgbọ́n Bírò ti mọ ẹnu yẹn láti kékeré.

Òtútù ń mú mi, ètè náà ń wí. Bírò, fi nǹkan bò mí.

Bírò yọ bírò létí. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gan-an, kó má bàa gbàgbé kó tó dé yàrá àwọn òǹkọ̀wé.