Àgbo Adìẹ Ratmi

"Kí ló wà nínú kẹ́ẹ̀gì yẹn?"

Warsito gbé ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé adìẹ. "Àgbo adìẹ ni, àǹtí. Ata ilẹ̀ pupa, aáyù àti ewé ìbẹ́pẹ. Èmi ni mo sè é."

"Ṣé ibà ló ń ṣe adìẹ wa ni?"

"Ẹ wo ọwọ́ yín ná."

Ratmi wò ó. Ẹyin tó mú dání ti fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, èèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́ bí awọ àlùbọ́sà. Ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni ìfẹ́ bá wọlé.

Ní ìlú Blitar ní Jáfà, kò sí àgbẹ̀ ẹlẹ́yin tó lórí kunkun tó Bàbá Dirjo, bàbá Ratmi. Oúnjẹ adìẹ inú àpò nìkan ló gbà gbọ́. Nígbà tó gbọ́ pé ọmọ òun ń fẹ́ ẹni tó ń se ewé, ó fárígá. Ó kó ọjọ́ ìbí àwọn méjèèjì lọ bá àgbà tó ń ka ọjọ́, bí àwọn ará Jáfà ti máa ń ṣe. Àgbà náà kà á, ó ní ìkọ̀sílẹ̀ ló máa gbẹ̀yìn rẹ̀.

"O ti gbọ́ báyìí," ni Bàbá wí.

"Mo gbọ́, Bàbá. Òun náà ni mo máa fẹ́."

"Pẹ̀lú ohun tí ọjọ́ wí?"

"Ọjọ́ kọ́ ni mo fẹ́ bá gbélé."

"Ratmi, ẹnu ẹ!" ni ìyá rẹ̀ kígbe.

Ratmi ò wẹ̀yìn. Ó gba àwọn adìẹ tó wà ní ìlà ẹ̀yìn ilé adìẹ, ó ń bu àgbo sí omi wọn lójú gbogbo ayé. Bàbá ń pariwo, òun ń bù ú.

"Tí wọ́n bá kú, Bàbá, ẹ lé mi jáde."

Wọn ò kú. Àwọn ọkùnrin tí Bàbá mú wá pé kó fẹ́, Ratmi fún wọn ní tíì, ó sì sìn wọ́n dé ẹnu géètì. Nígbà tó yá, ó sú Bàbá.

"Ẹ̀sìn ní kí n fà ọ́ fọ́kọ, màá fà ọ́. Ṣùgbọ́n ẹnu mi yìí ò ní pe ìyẹn ní ọkọ rẹ láéláé."

Ọ̀rọ̀ náà dun Ratmi wọra. Warsito bá a lẹ́yìn ilé adìẹ níbi tó ti ń sunkún.

"Ayọ̀ mi, ṣé ká dúró kí inú wọn rọ̀?"

"Dúró kẹ̀? Mi ò dúró de ẹnì kankan!"

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, àṣà kan ló kù: kí ọkọ fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ẹyin tútù fọ́, kí ìyàwó sì fọ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìyá tó ń darí ètò ti gbé ẹyin ọjà kalẹ̀. Ratmi gbé e kúrò, ó fi ẹyin adìẹ ìlà ẹ̀yìn rọ́pò.

Warsito tẹ̀ ẹ́. Kò fọ́.

"Ọjọ́ ti kọ̀ wọ́n!" ni àbúrò Bàbá Dirjo obìnrin kan figbe ta.

"Ọjọ́ wo? Adìẹ tó mu àgbo ló yé e!" Ratmi yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Olólùfẹ́ mi, tẹ̀ ẹ́ bí ọkùnrin!"

Warsito fi gbogbo agbára tẹ̀ ẹ́. Ẹyin fọ́ yángá, pupa rẹ̀ pọ́n bí epo.

Bàbá Dirjo dìde. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣa èèpo kan, ó fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́ wò. Ó tún un tẹ̀. Ó fi í sápò, ó sì wo àbúrò rẹ̀ títí ìyẹn fi tẹrí ba.

"Ratmi, kí lo ń wò?" ló wí. "Fọ ẹsẹ̀ ọkọ rẹ."